Àga òfìfo l'Abuja: kí ló dé tí ìbò láti fi aṣòfin mìíràn dípò fi ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2024 ni Mùsílíù Akínrẹ̀mí, tí ìgboro Ìbàdàn mọ̀ sí Jagaban, dágbére fáyé. Òun ló ń ṣojú ẹkùn Àríwá Ìbàdàn nílé ìgbìmọ̀ aṣojúṣòfin l'Abuja. Ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni wọ́n tó dìbò yan ẹni tí yóò jókòó sórí àga tó fi sílẹ̀. Ẹ ka oṣù tó wà láàárín méjèèjì: mẹ́tàlá, pẹ̀lú ọjọ́ díẹ̀ lé e.

Kò sẹ́ni tó lè bá ikú jà, ọ̀fọ̀ sì ni ọ̀fọ̀ ń jẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à sì máa ríran. Láàárín oṣù mẹ́tàlá yẹn, iṣẹ́ ò dúró l'Abuja. Ọ̀fọ̀ náà ò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ilé fi fọwọ́ sí òfin tó sọ owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ di ₦70,000. Ní oṣù kejì ọdún 2025, wọ́n fọwọ́ sí ètò ìṣúná ₦54.99 tírílíọ̀nù. Ní oṣù kẹta, àwọn aṣojúṣòfin fọwọ́ sí àbá òfin owó orí mẹ́rin tí gbogbo orílẹ̀-èdè ti ń jà sí láti ọdún tó ṣáájú. Nínú gbogbo rẹ̀, àwọn ará Bódìjà, Àgbowó, Sángo, Mọ́kọ́lá àti Yemẹtù kò ní ẹnì kankan nílé aṣojúṣòfin tó lè nawọ́ sókè lórúkọ wọn.

Ohun tó dùn mí jù ni ti UCH. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ni, inú ẹkùn Àríwá Ìbàdàn gan-an ló wà. Láti ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2024, wọ́n gé iná ibẹ̀ nítorí gbèsè iná mànàmáná, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́ kí iná tó padà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn jáde láti fẹ̀hónú hàn, àwọn dókítà ń pariwo, ìròyìn ń gbé e kiri. Àwọn ẹlòmíràn bá wọn dá sí i, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí òfin gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, tí yóò dìde nínú ilé pé "lẹ́kùn tèmi ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀", kò sí. Ojú olójú kì í jọ ojú ẹni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ìbò tí à ń sọ. Àwọn oníròyìn máa ń pè é ní àtúndì ìbò, orúkọ yẹn sì máa ń da ọ̀rọ̀ rú, nítorí irú ìbò méjì ló ń jẹ́ ẹ. Ọ̀kan ni èyí tí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ pé kí wọ́n tún dì nítorí ti àkọ́kọ́ ní kùdìẹ̀kudiẹ nínú. Bó ṣe rí nìyẹn ní Ìwọ̀ Oòrùn Kogí lọ́dún 2019, nígbà tí ilé ẹjọ́ wọ́gi lé ìbò tó gbé Dino Melaye wọlé, tí wọ́n tún un dì, tí Smart Adéyẹmí sì jáwé olúborí. Èkejì, tí a ń sọ lónìí, kò ní í ṣe pẹ̀lú ìbò tó bàjẹ́. Ìbò àkọ́kọ́ dára, ẹni tó wọlé jókòó, àmọ́ àga rẹ̀ ṣófo kí sáà tó parí. Ẹni tí wọ́n bá yàn kì í sì í gba ọdún mẹ́rin tuntun. Èyí tó kù nínú sáà ẹni àkọ́kọ́ ló máa lò.

Kí ni ìwé òfin ọdún 1999 sọ? Abala 76 ni ọ̀rọ̀ náà wà, kò sì fara sin rárá. Bí àga kan bá ṣófo, tí ó sì ṣì ju oṣù mẹ́ta lọ kí sáà ilé tó tán, ìbò láti fi ẹlòmíràn dípò kò gbọ́dọ̀ kọjá oṣù kan lẹ́yìn ọjọ́ tí àga ṣófo. Oṣù kan péré ni. Ti Àríwá Ìbàdàn gba mẹ́tàlá.

Kì í sì í ṣe Ìbàdàn nìkan. Lọ́jọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 2025 yẹn, ẹkùn ìdìbò 16 ni àjọ INEC kó pọ̀ dìbò fún, ní ìpínlẹ̀ 12. Mẹ́sàn-án jẹ́ ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, márùn-ún jẹ́ ti aṣojúṣòfin, méjì jẹ́ ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní àwọn ẹkùn wọ̀nyí jẹ́ 3,553,659. Ẹkùn Babura àti Garki ní Jigawa ti wà láìní aṣojú láti oṣù karùn-ún ọdún 2024, nígbà tí Isa Dogonyaro kú. Ti Chikun àti Kajuru ní Kaduna ṣófo ní oṣù keje ọdún kan náà, nígbà tí Ekene Adams kú. Gúúsù Anambra pàdánù sẹ́nétọ̀ wọn, Ifeanyi Ubah, ní oṣù keje yẹn kan náà. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Adéwùnmí Ọ̀nànúgà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìjàyá, tó ń ṣojú Ìkẹ́nnẹ́, Ṣágámù àti Àríwá Rẹ́mọ, jáde láyé ní oṣù kìíní ọdún 2025. Oṣù méje ni tiwọn. Ẹni tó bá mọ̀ pé òfin sọ oṣù kan, yóò béèrè pé ta ló ń mú òfin yìí so.

Ìdáhùn wà nínú ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. INEC kì í jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan kó sọ pé òun fẹ́ dìbò ní Àríwá Ìbàdàn nítorí òun gbọ́ pé aṣòfin ibẹ̀ ti kú. Abala 68 ló to àwọn ohun tó lè mú kí àga ṣófo, ó sì ní olórí ilé ni yóò mú un ṣẹ: ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fún àwọn sẹ́nétọ̀, abẹnugan fún àwọn aṣojúṣòfin. Òun ni yóò kéde nínú ilé pé àga ti ṣófo, kí lẹ́tà tó lọ bá INEC. Ìgbà náà ni INEC yóò tó fi ìwé síta, tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú yóò ṣe ìdìbò abẹ́lé, tí wọ́n á fi orúkọ olùdíje ránṣẹ́, tí ìpolongo yóò bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí okùn ti já nìyí. Òfin dá ọjọ́ fún ìbò, ṣùgbọ́n kò dá ọjọ́ fún olórí ilé tó gbọ́dọ̀ kéde kí ìbò tó lè wáyé. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí ọ̀sẹ̀ méjì ni kó sọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n ò dá ọjọ́ fún kò lè sọ pé òun pẹ́. Kò sì sí ìjìyà kankan nínú òfin náà fún ẹni tó bá jẹ́ kí oṣù kan yẹn kọjá. Owó náà tún wà ńbẹ̀. Ìbò ẹkùn kan ṣoṣo ń gba òṣìṣẹ́, ọkọ̀, ẹ̀rọ, ìwé ìdìbò àti ọlọ́pàá bí ìgbà tí wọ́n ń dì ti gbogbogbòò ni. Ibùdó ìdìbò 6,987 ni INEC ní láti bójú tó lọ́jọ́ 16 oṣù kẹjọ yẹn. Bí ẹkùn tó ṣófo bá ti pọ̀ báyìí, ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí ọjọ́ kan. Mo gbà pé owó ń kù fún wọn bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹkùn tó kọ́kọ́ ṣófo ló ń fi oṣù tirẹ̀ san owó náà, nítorí òun ló ń jókòó retí ẹkùn tí yóò ṣófo kẹ́yìn.

Pé ó lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, Ọ̀ṣun ni ẹ̀rí. Ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2017 ni Sẹ́nétọ̀ Ìsiàká Adélékè ṣàdédé kú. Gómìnà àkọ́kọ́ tí aráàlú dìbò yàn ní Ọ̀ṣun ni, ẹgbẹ́ APC ló sì wà nígbà tó kú. Ọjọ́ 8 oṣù keje ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dìbò ní Ìwọ̀ Oòrùn Ọ̀ṣun. Ọjọ́ 76 ni. Ó kọjá oṣù kan tí òfin wí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó oṣù mẹ́ta. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà lẹ́kùn náà, láti Ẹdẹ dé Ìwó dé Ẹjigbò, INEC yìí kan náà ló dìbò níbẹ̀.

Ìbò yẹn tún kọ́ wa ní nǹkan kan tí mi ò fẹ́ ká gbàgbé. Adémọ́lá Adélékè, àbúrò olóògbé, fi APC sílẹ̀ bọ́ sínú PDP láti díje. APC fà Mudashiru Hussain kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, Adélékè ní 97,480, Hussain ní 66,116. Ẹgbẹ́ tó ni àga náà tẹ́lẹ̀ pàdánù rẹ̀. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn èyí, ọkùnrin tí ìbò yẹn gbé jáde di gómìnà Ọ̀ṣun. Ìbò tí àwọn kan ń pè ní ìbò kékeré ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Ikú nìkan kọ́ ló ń sọ àga di òfìfo. Aṣòfin lè kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ó lè di mínísítà, gómìnà tàbí igbákejì gómìnà, kò sì lè jẹ oyè méjì pọ̀. Nígbà tí Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà di olórí òṣìṣẹ́ lọ́fíìsì ààrẹ lọ́dún 2023, àga Sùúrùlérè kìíní ṣófo. Nígbà tí Bùnmi Túnjí-Òjó di mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, ti Àkókó Àríwá Ìlà Oòrùn àti Àríwá Ìwọ̀ Oòrùn ní Oǹdó ṣófo. Ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 2024 ni wọ́n dìbò fún àwọn méjèèjì. Èyí gan-an ló le jù lójú mi, nítorí kò sẹ́ni tó kú, kò sí ohun tó báni lójijì. Ẹni tí a fẹ́ fi ṣe mínísítà, a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé yóò fi àga sílẹ̀. Kí ló ní ká má ti máa múra ìbò sílẹ̀ láti ọjọ́ tí orúkọ rẹ̀ jáde?

Ọ̀nà mìíràn tún ni pé kí aṣòfin fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀. Abala 68 yìí kan náà sọ pé ẹni tó bá fò lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn kí sáà tó parí ti pàdánù àga rẹ̀, àyàfi bí ẹgbẹ́ tó ti kúrò bá pín sí méjì tàbí tó bá dà pọ̀ mọ́ òmíràn. Ifẹ́dayọ̀ Abẹ́gúndé, tó ń ṣojú Àkúrẹ́, ló gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Lábẹ́ ẹgbẹ́ Labour ló ti wọlé lọ́dún 2011, ó sì bọ́ sínú ACN, ó ní ẹgbẹ́ òun ti pín. Lọ́dún 2015, ilé ẹjọ́ dá a pé ìjà abẹ́lé nípìńlẹ̀ kò tó. Àfi kí ìpínyà náà dé òkè pátápátá, débi tí ẹgbẹ́ kò fi lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ó pàdánù àga náà. Ìdájọ́ yẹn mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán. Síbẹ̀, ẹ wo iye aṣòfin tó ń fò láti ẹgbẹ́ kan bọ́ sí èkejì lójú gbogbo ayé, tí olórí ilé á ka lẹ́tà wọn sókè, tí wọ́n á pàtẹ́wọ́, tí àga á sì wà lábẹ́ wọn digbí. Ọwọ́ kan náà tó di kọ́kọ́rọ́ ìbò mú ló di èyí náà mú.

Aráàlú náà lè pe aṣòfin padà sílé, abala 69 gbà wọ́n láyè. Ó gba kí ó ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́kùn náà tọwọ́ bọ̀wé, kí INEC yẹ̀ ẹ́ wò, kí gbogbo ẹkùn sì tún dìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lórí Melaye ní Ìwọ̀ Oòrùn Kogí. Orúkọ 189,870 ló wà lórí ìwé. Nígbà tí INEC yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù kẹrin ọdún 2018, 18,742 péré ló dúró. Ibẹ̀ ló parí sí.

Ọjọ́ ìbò fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Ìbò gbogbogbòò máa ń ní ariwo tirẹ̀. Ààrẹ, gómìnà, sẹ́nétọ̀, gbogbo wọn ló ń fa èèyàn jáde. Ìbò àga kan ṣoṣo kì í ní irú èyí. Òpópónà á dá páropáro nítorí wọ́n ti ní kí ọkọ̀ má rìn, àwọn ọmọ kéékèèké á máa gbá bọ́ọ̀lù láàárín títì. Àwọn agúnbánirọ̀ tó wọ jákẹ́ẹ̀tì INEC á jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n yá lọ́wọ́ aládùúgbò, wọ́n á ti lẹ orúkọ mọ́ ara ògiri láti òwúrọ̀, wọ́n á máa wo ojú ọ̀nà. Mo rí ìyá àgbà kan rí nídìí irú tábìlì bẹ́ẹ̀. Ó gbé àtàǹpàkò lé ẹ̀rọ BVAS, ẹ̀rọ kọ̀. Ó fi etí ìró nu ún, ó tún gbé e lé e, ó tún kọ̀. Ata lílọ̀ àti aṣọ fífọ̀ láti àádọ́ta ọdún ti họ ojú ìka rẹ̀ dànù. Agúnbánirọ̀ náà gbé ẹ̀rọ sókè síwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ wo ibí, mà. Ẹ má dijú." Ìyá là á sílẹ̀ kalẹ̀, kò mí, títí ẹ̀rọ fi gbà á. Ó ní, "Ó dá mi mọ̀!" Gbogbo àwa tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín ayọ̀. A ò tó ogún.

Ìyẹn ló fà á tí iye ìbò fi máa ń kéré. Ní Àríwá Ìbàdàn, Fọlájìmí Oyèkúnlé ti PDP wọlé pẹ̀lú 18,404, Adéwálé Ọlátúnjí ti APC ní 8,312. Ìbò ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì papọ̀ jẹ́ 26,716, ní ìjọba ìbílẹ̀ tí èèyàn inú rẹ̀ ti lé ní 300,000 nígbà ìkànìyàn ọdún 2006. Ní Ìlà Oòrùn Èkó lọ́dún 2020, lẹ́yìn ikú Sẹ́nétọ̀ Báyọ̀ Òṣínọ́wọ̀, Tókunbọ̀ Àbírù ní 89,204, Babátúndé Gbàdàmọ́sí ti PDP ní 11,257, ní ẹkùn tó kó Ìkòròdú, Kòṣòfẹ́, Ṣómólú, Ẹ̀pẹ́ àti Ìbẹ́jú-Lékkí pọ̀. Ibi tí olùdìbò bá kéré sí, ibẹ̀ ni owó ti ń rọrùn láti sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń ṣe dìbò-kóo-sebẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìbò díẹ̀ ló máa gbé èèyàn wọlé, owó tí wọ́n máa fi rà á kò pọ̀. Mi ò sì lè bá ẹni tó jókòó sílé wí tán. Ẹkùn tí wọ́n fi sílẹ̀ láìní aṣojú fún ọdún kan ó lé, tí iná ń kú, tí ọjà ń lọ, tí kò sẹ́ni tó béèrè, ṣé ó yà yín lẹ́nu bí àwọn ará ibẹ̀ bá rò pé àga náà kò wúlò?

Nítorí owó tí ìbò wọ̀nyí ń jẹ, àwọn kan ti ń dábàá pé kí a má dì wọ́n mọ́. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ tó ni àga kàn fi ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn dípò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní South Africa, nítorí pé ẹgbẹ́ ni wọ́n ń dìbò fún níbẹ̀, orúkọ àwọn aṣòfin sì ti wà lórí ìwé ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà méjì ni. Àga aṣojúṣòfin tó bá ṣófo, ìbò nìkan ló lè dí i. Ti sẹ́nétọ̀ yàtọ̀: ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gbà kí gómìnà yan ẹnì kan fún ìgbà díẹ̀ kí àwọn èèyàn tó dìbò. Báyìí ni gómìnà Ohio ṣe yan Jon Husted ní oṣù kìíní ọdún 2025 sórí àga tí JD Vance fi sílẹ̀ nígbà tó fẹ́ di igbákejì ààrẹ, tí wọ́n sì fi ìbò rẹ̀ sí oṣù kọkànlá ọdún 2026. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ohùn ìpínlẹ̀ kò dákẹ́. Ewu rẹ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Illinois lọ́dún 2008: nígbà tí Barack Obama fi àga sẹ́nétọ̀ sílẹ̀ láti di ààrẹ, wọ́n mú gómìnà Rod Blagojevich pé ó fẹ́ tà á. Wọ́n yọ ọ́ nípò, ó sì dèrò ẹ̀wọ̀n.

Èmi ò fara mọ́ kí ẹgbẹ́ máa yan arọ́pò nílẹ̀ wa, ìdí mi sì wà nínú àwọn ìbò tí mo ti kà sílẹ̀. APC ló ni Ìwọ̀ Oòrùn Ọ̀ṣun kó tó di ọdún 2017. Aráàlú gbé e fún PDP. APC ni Akínrẹ̀mí náà, Àríwá Ìbàdàn sì gbé àga rẹ̀ fún PDP lọ́dún 2025. Ní Rẹ́mọ lọ́jọ́ yẹn kan náà, APC ló ni ín, ọwọ́ APC ló sì dúró sí. Ẹkùn mẹ́ta, ìdáhùn kò dọ́gba, àwọn tó ni ẹkùn ló sì dáhùn. Ká ní ẹgbẹ́ ló ń yàn, ìdáhùn kan ṣoṣo la ò bá máa gbọ́. Ohun tó yẹ ká tún ṣe kò tóbi tó bẹ́ẹ̀: kí òfin dá ọjọ́ fún olórí ilé láti kéde, bóyá ọjọ́ méje, bí kò bá kéde, kí INEC lè fi ẹ̀rí ikú tàbí lẹ́tà ìfiposílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀, kí owó irú ìbò yìí sì ti wà nínú ìṣúná INEC lọ́dọọdún, nítorí kò sí ọdún tí kì í wáyé.

Ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 2023 ni sáà ilé yìí bẹ̀rẹ̀, oṣù kẹfà ọdún 2027 ni yóò parí. Nígbà tí Àríwá Ìbàdàn dìbò tán ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ilé wà ní ìsinmi, ó sì di oṣù kẹwàá kí wọ́n tó wọlé. Nínú oṣù 48 tí wọ́n dìbò fún lọ́dún 2023, nǹkan bí oṣù 15 ni ẹkùn náà fi wà láìní ẹnikẹ́ni nínú ilé náà.